Akòko Ẹ̀yìnkùlé Wa Níwájú Ìgbìmọ̀ Ìjọba

Kò sí ẹni tó ń wa kèké ní Port Harcourt tó mọ̀ ọ́n wà tó èmi Wahab. Tí mo bá gbéra lábẹ́ afárá Eliozu, kí o tó pe "Choba" tán lẹ́nu, a ti dé Choba, o ti sọ̀kalẹ̀, o ti ń jẹun. Àwọn sọ́jà gan-an máa ń yà fún mi, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá kọjá." Torí náà, tí mo bá sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ kan wà tí n ò lè jókòó, tí n ò lè dúró, tí mo jẹ odidi ẹ̀bà tán tí n ò mọ̀ pé mo jẹ nǹkan kan, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ilé ìyá mi ni wọ́n fẹ́ wó.

Ìyá mi ni Sẹ̀kínátù. Gàrí àti epo pupa ló ń tà níwájú ilé. Bàbá mi, Gbọ́lágadé, ọmọ Ìkìrun ni, iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbé e dé Port Harcourt. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó ra ilẹ̀ ní Rumuwechi, lẹ́yìn Eliozu, lọ́wọ́ ìdílé Pa Owhonda tó jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀. Ó kọ́ yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ sí i. Fún àwọn tí kò débẹ̀ rí, èmi máa ń pè é ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá kú, ilé kù. Nǹkan mìíràn ò sì kù.

Àfi bí àwọn kan ṣe dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n fa ìlà méjì tó gba orí ara wọn kọjá sára ògiri wa àti ògiri gbogbo ilé tó yí wa ká. Wọ́n ní orí ilẹ̀ ìjọba la wà. Wọ́n ní ìjọba òyìnbó ti ra gbogbo ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá Owhonda láyé àtijọ́, pé àwọn ọmọ wọn kàn ń ta ohun tí kì í ṣe tiwọn mọ́ ni. Pa Owhonda ní irọ́ gbuu ni. Ó ní ìsàlẹ̀, létí omi, làwọn baba òun tà fún òyìnbó, wọn ò ta òkè. Àwọn ọ̀dọ́ dáná sun táyà lójú títì East-West. Iná yẹn ga débi pé bàlúù kan yà fún un, mo fi ojú mi rí i. Ìgbà yẹn nìjọba wá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, kí wọ́n lọ wo ibi tí òyìnbó rà dé gan-an.

Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n fi ṣe alága, obìnrin, Tamunotonye lorúkọ ẹ̀. Orí imú ni awò ojú ẹ̀ máa ń wà, ó sì máa ń wo èèyàn lókè awò náà bí ẹni tó mọ ohun tóo jẹ láàárọ̀. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ti ń jókòó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ka ohun tí òyìnbó kọ sílẹ̀. Ó ní òun ra ilẹ̀ láti etí omi títí dé ibi tí àwọn igi ogirisi tò sí.

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kó yé yín. Ogirisi tí wọ́n ń pè níbẹ̀ yẹn, akòko tiwa náà ni. Ní ìlú àwọn Pa Owhonda, ẹnikẹ́ni kì í to igi yẹn sórí ìlà lásán. Tí o bá ti tò ó, o ti pín ilẹ̀ nìyẹn: apá ibí tèmi, apá ọ̀hún tìrẹ. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, igi ni wọ́n máa lọ bi.

Níbo wá ni igi tí òyìnbó ń wí wà? Pa Owhonda ní nítòsí omi ló wà, pé katakata tó la ọ̀nà ló wó o. Kùkùté kan péré ló ṣẹ́ kù, ewúrẹ́ sì ti jẹ ẹ́ dé ìdí. Ṣùgbọ́n ogirisi kan wà tó tò gbọnrangandan, tó tutù yọ̀yọ̀, tẹ́nikẹ́ni lè rí láti ojú títì. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà. Tó bá jẹ́ òun ni ààlà, a jẹ́ pé gbogbo wa wà nínú ohun tí òyìnbó rà, kí katakata máa bọ̀.

Ta ló gbìn ín? Bàbá mi ni!

Ẹ wo ìwà Yorùbá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ fi èèyàn joyè nílé, ewé akòko ni wọ́n máa fi sí i lórí. Bàbá mi gbà pé lọ́jọ́ kan, Ìkìrun á ránṣẹ́ pe òun wá joyè, kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ewé ni wọ́n máa wá tì. Ewé kan ṣoṣo lèèyàn nílò o! Ó gbin odidi ìlà kan, láti igun dé igun. Wọ́n ní ọjọ́ tí Pa Owhonda rí i, eré ló sá wá, kò dẹ̀ wọ bàtà.

"Kọ́sítọ́ọ̀mù! Ta lo ń bá pín ilẹ̀?"

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ oyè ni."

"Oyè wo? Nínú igbó?"

Ó gbé ògógóró òyìnbó kan jáde, wọ́n mu ún, ọ̀rọ̀ parí. Oyè ò dé títí bàbá fi kú. Igi ṣáà ń ga.

Mo mọ gbogbo èyí dáadáa. Ẹnu mi ni ò jẹ́.

Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó rárá, bọ̀bọ́ kan dá mi dúró lábẹ́ afárá. Kóòtù dúdú, bàtà tó ń dán bíi dígí. Jíìpù ẹ̀ ló bàjẹ́. Bó ṣe wọ kèké mi tó gbọ́ tí mò ń bú ẹni tó fẹ́ gbún mi, ó ní, "Ha, àbúrò, Yorùbá ni ẹ́?"

"Yorùbá kẹ̀? Ọmọ Ìkìrun pọ́ńbélé ni mí, ọ̀gá mi. Bí mo bá sín, èdè Yorùbá ló ń jáde."

Ó rẹ́rìn-ín. A dé ẹ̀gbẹ́ Rumuwechi, ó nàka. "Ilé ta nìyẹn, tí àwọn igi tò sí ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn?"

"Ilé wa ni."

"Àwọn igi yẹn mà rẹwà o. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí. Kí n ní bàbá mi ló gbìn ín? Ta nìyẹn máa dùn mọ́? Mo ní, "Ọ̀gá, igi tẹ́ẹ̀ ń wò yẹn? Kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibí ló ti wà níbẹ̀. Òyìnbó tó ra ilẹ̀ yìí, abẹ́ ẹ̀ ló fara ti nígbà tí ẹ̀fọn fẹ́ gbé e lọ. Wọ́n fẹ́ gé e nígbà ogun, gbogbo àdá ìlú ló kán. Wọ́n ní àfi kí wọ́n lọ ra àdá ní Calabar."

"Ó dá ẹ lójú, àbúrò mi?"

"Ọ̀gá, bó ṣe dá mi lójú pé ẹ jókòó sẹ́yìn mi."

Ó ń tẹ fóònù. Mo rò pé ó ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn mi ló ń gbà sílẹ̀. Adégbóyèga lorúkọ ẹ̀, lọ́yà ìjọba ni.

Lọ́jọ́ kejì ìjókòó, ó gbé fóònù náà sí ẹnu gbohùngbohùn, ohùn mi jáde nínú gbọ̀ngàn. N ò ní parọ́, ohùn mi dùn. Àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá gan-an ń mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀, mo rí i tí ìyá mi fi etí gèlè nu ojú, àyà mi sì já bọ́ sínú ṣòkòtò.

Lọ́yà Adégbóyèga ní, "Olúwa mi, Pa Owhonda ní tuntun ni igi yìí. Òun ló ta ilẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ìyá tó nilé ní ọkọ òun ló gbìn ín. Òun ni ilé ẹ̀ máa wó, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ṣùgbọ́n ọmọ inú ilé náà, tí kò kàwé, tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó máa wó ilé ìyá ẹ̀. Ta ló ń pa irọ́ tó máa wó ilé ara ẹ̀?"

 Mo dìde pé kí n sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo tún dìde. Ó ní, "Oga, sidon, ants dey your trouser?" Adájọ́ ní kí gbogbo wa máa lọ ilé, kí a padà wá lọ́la.

Ìyá mi ò bú mi. Tó bá bú mi ni, ì bá sàn. Gàrí ló ń wọ̀n, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń dà á padà, kò sí ẹni tó wá ra nǹkan kan. N ò lè wò ó. Mo gbé kèké jáde láì gbé èrò, mo wà á dé Aluu, mo yí padà, mo tún wà á dé Aluu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń nawọ́ sí mi, mi ò dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo padà dé, Pa Owhonda ti wà níwájú ilé wa, ó fi ọ̀pá ẹ̀ ti itan.

"Wahab, my son, o mọ̀ pé o kì í sọ òótọ́?"

"Bàbá, kì í ṣe irọ́. Mo kàn máa ń fi iyọ̀ sí i ni."

"Iyọ̀ ẹ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Lọ́la, a máa dójú tì ẹ́. A máa pe gbogbo èèyàn tó mọ̀ ẹ́ kí wọ́n wá sọ irú ẹni tóo jẹ́. Abeg, jókòó jẹ́ẹ́, má bà á jẹ́."

Mo ronú sí i. Gbogbo Eliozu máa gbọ́. Fàrídà máa gbọ́, ọmọge tí mò ń fẹ́, tó ń kàwé ní yunifásítì Choba. Mo wo ìlà pupa tó wà lára ògiri. Mo ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ ìdójútì ni, ẹ jẹ́ kó pé. Ẹ pe Comfort tó ń ta bọ̀lì. Ẹ pe Fàrídà fúnra ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lèyí tó dáa jù wà."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Comfort ló kọ́kọ́ bọ́ síta, èéfín bọ̀lì ṣì ń rùn lára aṣọ ẹ̀.

Adájọ́ ní, "Madam, ṣé o mọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí?"

"Mọ̀ ọ́n kẹ̀! Ó ní òun jókòó níbi ìdíje bọ̀lì jíjẹ kan ní Aluu, òun jẹ bọ̀lì àti ẹja ogún, ẹni tó ń sun ún sì dákú."

Mo ké láti ẹ̀yìn, "Ogójì ni!" Ọlọ́pàá tẹ̀ mí lórí mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá máa dójú tini, kí wọ́n má dín in kù.

Alága ẹgbẹ́ oníkèké ní mo sọ fún òun pé ẹ̀rọ kèké mi, láti ara bàlúù ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni tó ń gẹrun fún mi ní mo ní irun mi ń kán abẹ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Adájọ́ pàápàá fi bébà bo ẹnu. Fàrídà wá dìde. Kò wo ojú mi.

Ó ní, "Ó sọ fún mi pé òun náà ti wọ yunifásítì wa rí. Pé òun mọ̀wé débi tí àwọn olùkọ́ fi kúnlẹ̀ bẹ òun kí òun kúrò, kí àwọn ọmọ yòókù lè ráyè yege." Ó tún ìborùn orí ẹ̀ ṣe. "Mo gbà á gbọ́ fún odidi sáà kan."

Ẹ̀rín yẹn, ó fẹ́ ká páànù kúrò lórí gbọ̀ngàn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kò ì tíì sọ fún mi rí pé òun ti gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n Lọ́yà Adégbóyèga kì í ṣe ọmọdé. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. "Olúwa mi, mo gbà. Òpùrọ́ ni. Ṣé òpùrọ́ kì í ṣèèṣì sọ òótọ́ ni? Wọ́n ti jẹ́ ká mọ̀ pé ó ń parọ́ nípa bọ̀lì. Ta ló ti jẹ́ ká mọ̀ pé ó parọ́ nípa igi?"

Ẹ̀rín gbẹ. Pa Owhonda dorí kọ́. Adájọ́ wò mí lókè awò ojú. "Wahab, bọ́ síbí."

Wọ́n fún mi ní Kùránì, mo búra.  Ó ní, "Ta ló gbin igi yẹn?"

"Bàbá mi ni, Olúwa mi."

"Sọ bó ṣe gbìn ín."

Gbogbo ojú wà lára mi. Ẹ ò rí i, tí ojú bá pọ̀ báyẹn, ẹnu mi máa ń gbiná bíi bẹ́ntírò. Mo ní, "Olúwa mi, ọwọ́ kan ló fi gbìn ín. Ọwọ́ kejì, ó fi ń bá òkèlè jà. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti gbin gbogbo ẹ̀ tán, ó ti wẹ̀, ó ti..."

"Wahab!"

Ìyá mi ló dìde. Ohùn ẹ̀ ò ga. "Wahab, ilé mi ni o. Ilé mi lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn." Ó ká ìborùn ẹ̀, ó gba àárín èrò kọjá, ó jáde. Kò wẹ̀yìn.

Mo dúró síbẹ̀.  Adájọ́ ò kán mi lójú. Lọ́yà ti ń ká bébà ẹ̀ jọ.

Mo ní, "Mo di igi mú ni. Bàbá mi gbẹ́ ihò, ó gé ọ̀pá akòko, ó ní kí n dì í mú kó dúró ṣánṣán, kí òun lè tẹ ilẹ̀ ìdí ẹ̀. Mo di méjì mú. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò mi. Mo ju igi sílẹ̀, mo sunkún, mo tọ̀ sára. Bàbá mi gbá mi lórí. Ìyá mi ló wá gbé mi wọlé, ó fi epo pupa pa mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀pá yẹn wọ́, bàbá mi ò tún un ṣe mọ́. Ó ní kó máa wọ́ bẹ́ẹ̀, kó lè máa rán mi létí."

Ó tán. N ò fi nǹkan kan sí i. Ó ṣe mí bí ẹni tó jáde síta láì wọ ṣòkòtò.

Adájọ́ ní kí Lọ́yà gbé fọ́tò àwọn igi náà wá, fọ́tò tí Lọ́yà fúnra ẹ̀ yà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó fún àwọn yòókù tí wọ́n jọ jókòó. Wọ́n kà láti igun: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta fì gbágungbàgun, ó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ògiri bí ọ̀mùtí.

Lọ́yà ní, "Olúwa mi, ó lè jẹ́ pé ó ti rí igi tó wọ́, kó wá fi ìtàn..."

Adájọ́ ní, "Lọ́yà, láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ọmọ yìí. Bọ̀lì, òun ló borí. Yunifásítì, òun ló borí. Nínú irọ́ ẹ̀ wo lo ti gbọ́ pé ó tọ̀ sára? Ìwọ lo sì gbé e wá gẹ́gẹ́ bí olóòótọ́, èmi kọ́." Ó bọ́ awò ojú. Ó ní ìgbìmọ̀ òun ò ní lo igi yẹn fún ààlà. Ó ní ìsàlẹ̀, níbi kùkùté, làwọn máa ti wọn ilẹ̀ tí òyìnbó rà, kí wọ́n sì wá pa ọ̀dà pupa rẹ́ lára gbogbo ilé tó wà lókè.

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo fò sínú kèké. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: gó-siló wà lábẹ́ afárá, mo sì há sínú ẹ̀ bíi gbogbo èèyàn, mò ń fọn fèrè, mò ń bẹ eléyìí, mò ń bú tọ̀hún.

Ìyá mi ti kó ìkòkò jọ. Ó ti tú kọ́tìnì pálọ̀, ó ti di àpò gàrí lẹ́nu. Àga bàbá mi ti wà níta.

"Ìyá mi! Wọn ò ní wó o mọ́! A ti borí!"

Kò gbójú sókè. "Gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn fún mi."

"Ìyá mi, Adájọ́ ló sọ ọ́. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa wọ̀n."

"Mo gbọ́."

"Mo fi Ọlọ́hun búra!"

"O ti fi í búra lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Ó fa okùn, ó so ó ní kókó. "Ta ló tún wà níbẹ̀? Fàrídà ńkọ́? Jẹ́ kí ó sọ ọ́."

Mo pe Fàrídà. Fóònù ń dún, ó ń dún, ó já. Mo tún pè é. Ó ti pa fóònù ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo tú okùn àpò gàrí kan. Ìyá mi tún un so. Mo gbé àga bàbá wọlé, ó gbé e jáde. A ò bú ara wa, a kàn ń ṣe é bẹ́ẹ̀, èmi ń tú, òun ń dì, àwọn ará ilé kejì ń wò wá. Mo fẹ́ sọ pé Adájọ́ dìde bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ pé lọ́yà sunkún. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Mo jókòó lórí àpò kan kó má baà rí i dì. Láti ibẹ̀, mò ń wo ojú ọ̀nà bóyá Pa Owhonda ti ń bọ̀. Bàbá náà ò lè yára rìn, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pá ẹ̀ ń kan ilẹ̀, ọ̀nà náà sì gùn láti gbọ̀ngàn dé ọ̀dọ̀ wa. Òun nìkan ni ìyá mi máa gbà gbọ́. Mo dìde, mo wo ọ̀nà, mo tún sáré padà jókòó lórí àpò, nítorí ìyá mi ti nawọ́ sí okùn.